Ẹlẹ́wọ̀n Orí Òkè Jura àti Ìṣúra Tí Wọ́n Bi Í Léèrè

Nínú gbogbo ìtàn tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti kà, ti ẹlẹ́wọ̀n tí ó mọ ibi tí ìṣúra wà ni ó máa ń dùn mọ́ wọn jùlọ. Ẹni tí ó bá ti ka The Count of Monte Cristo, ìwé tí Alexandre Dumas ọmọ ilẹ̀ Faransé gbé jáde láàárín ọdún 1844 sí 1846, yóò rántí àlùfáà arúgbó nì, Faria, nínú túbú Château d'If. Àwọn wáàdà ń pè é ní wèrè nítorí ọ̀rọ̀ ìṣúra tí ó ń sọ, títí ó fi fi àṣírí náà lé ọ̀dọ́mọkùnrin Dantès lọ́wọ́. Ìtàn àròsọ ni, ó sì dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́wọ̀n kan wà tí kì í ṣe àròsọ, tí wọ́n bi léèrè ìṣúra nínú túbú tí ó kú sí. Ìtàn tirẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé gbé yẹ̀ wò, nítorí mo gbà pé wọ́n pa irọ́ mọ́ ọn, irọ́ náà kò sì tíì kú tán.

Toussaint Louverture ni orúkọ rẹ̀. Oko ẹrú ni a bí i sí ní Saint-Domingue, ilẹ̀ kan tí àwọn Faransé ń ṣe àkóso rẹ̀ ní òkun Káríbíà, èyí tí a ń pè ní Hàítì lónìí. Ìtàn ìdílé rẹ̀ sọ pé Allada ni a ti kó baba rẹ̀ lẹ́rú, ní ilẹ̀ Benin òní, níbi tí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ àwọn Yorùbá wà pẹ̀lú. Kí n tilẹ̀ fi èyí kún un: baba Dumas tí ó kọ ìtàn Faria, Ọ̀gágun Thomas-Alexandre Dumas, Saint-Domingue yìí kan náà ni a bí òun náà sí ní 1762, ẹrúbìnrin sì ni ìyá rẹ̀.

Ilẹ̀ náà lọ́rọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní 1789, ẹrú bí 500,000 ni ó wà níbẹ̀, àwọn òyìnbó kò sì ju nǹkan bí 40,000 lọ. Ṣúgà àti kọfí tí àwọn ẹrú wọ̀nyí ń fi òógùn àti ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ni àwọn oníṣòwò Bordeaux àti Nantes fi ń di olówó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1791 àwọn ẹrú dìde, wọ́n ti iná bọ oko ìrèké, Toussaint sì di ọ̀gágun láàárín wọn. Ní 1794 ìjọba Faransé fi òpin sí ìkónilẹ́rú. Ní 1801 Toussaint gbé ìwé òfin jáde pé kò ní sí ẹrú mọ́ láéláé ní Saint-Domingue, ó sì fi ara rẹ̀ jẹ gómìnà títí di ọjọ́ ikú. Èyí ni Napoleon Bonaparte, tí ó ń ṣe olórí ilẹ̀ Faransé, kò lè gbà. Ó rán Leclerc, ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, pẹ̀lú ọmọ ogun tí ó lé ní 20,000. Ìjà náà le fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn rẹ̀ Toussaint gbà kí ogun dáwọ́ dúró, ó padà sí oko rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1802, ọ̀gágun Faransé kan, Brunet, kọ ìwé ọ̀rẹ́ sí i pé kí ó wá kí àwọn jọ jíròrò. Ó lọ, wọ́n dè é.

Ilé-odi Fort de Joux wà lórí àpáta ní àwọn òkè Jura, lẹ́bàá ìlú Pontarlier, kò jìnnà sí ààlà Switzerland. Ibẹ̀ ni wọ́n ti í mọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún náà, nínú yàrá olókùúta, ọkùnrin tí ó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, tí kò gbé ilẹ̀ òtútù rí. Wọ́n ti ya aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹjọ́, kò sí adájọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án, Napoleon rán ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Caffarelli sí i. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síhìn-ín, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ìgbà méje ni Caffarelli jókòó tì í. Ó bi í nípa àdéhùn tí ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe, ó sì bi í nípa ìṣúra: níbo ni ó rì í mọ́? Òkìkí ti kàn pé Toussaint bo wúrà púpọ̀ mọ́lẹ̀ nínú àwọn òkè Saint-Domingue, pé ó sì ní kí a yìnbọn pa àwọn tí ó rù ú lọ, kí àṣírí má baà tú. Toussaint dáhùn pé irọ́ burúkú ni; ilẹ̀ àti oko ni ohun tí òun àti aya òun ní, kì í ṣe wúrà. Caffarelli bi í lọ́tùn-ún, ó bi í lósì. Ìdáhùn kan náà ni. Ó padà lọ́wọ́ òfo, ó sì ròyìn pé ẹlẹ́wọ̀n náà jẹ́ alárékérekè tí ó mọ bí a ti í pa ọkàn mọ́. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí a ń bi kò ní ohun tí a bi í, àìní rẹ̀ ni wọ́n sì sọ di ẹ̀rí pé ó fi í pamọ́.

N kò sọ pé tálákà ni Toussaint, tàbí pé ẹni mímọ́ ni. Ó ní oko púpọ̀. Ó fi òfin líle dá àwọn tí ó ti gba òmìnira padà sí iṣẹ́ oko lábẹ́ àwọn ọmọ ogun, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kórìíra èyí. Ṣùgbọ́n owó tí ó wọlé fún ìjọba rẹ̀, ọmọ ogun ni ó fi ń bọ́, ìbọn àti ẹ̀tù ni ó sì fi ń rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó mọ̀ pé ogun ń bọ̀ kì í ri owó mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ̀tù kò tó. Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Àwọn tí ó ti kó ọrọ̀ jáde ní ilẹ̀ náà fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún kò lè rò ó pé ènìyàn lè jọba níbẹ̀ kí ó má kó tirẹ̀ pamọ́.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ọkùnrin yìí ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Ó kọ ìwé gígùn sí Napoleon, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó bẹ̀bẹ̀ kí a gbé òun lọ sí iwájú ilé-ẹjọ́. Kò sí èsì. Ìwé náà ṣì wà ní Paris di òní, níbi tí ìjọba ń pa ìwé àtijọ́ mọ́ sí. Dípò èsì, wọ́n gba ìwé àti gègé ìkọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba aago rẹ̀, wọ́n gba abẹ tí ó fi ń fá irùngbọ̀n, wọ́n sì dín igi ìdáná rẹ̀ kù. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1803, Amiot, olùṣọ́ ilé-odi náà, wọlé tọ̀ ọ́. Ó bá a lórí àga lẹ́bàá ibi ìdáná, ó ti kú.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ń fi ẹnu dídùn sọ pé wúrà Toussaint ṣì wà nínú òkè Hàítì, inú mi kì í dùn. Ọ̀rọ̀ àwọn onítúbú ni ó ń tún sọ láìmọ̀, ó sì ń fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan ẹni tí wọn kò jẹ́ kí ó rí ojú adájọ́.

Owó ńlá tilẹ̀ jáde láti Hàítì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti inú ihò ilẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1804 ilẹ̀ náà gba òmìnira. Ní 1825, Charles kẹwàá, ọba Faransé, fi ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun ránṣẹ́ pé kí wọ́n san mílíọ̀nù 150 owó franc fún àwọn tí ó ti ni oko àti ẹrú níbẹ̀ rí, kí òun tó gbà pé wọ́n ti di òmìnira. Ní 1838 wọ́n dín in kù sí mílíọ̀nù 90. Hàítì ní láti yá owó ní Paris kí ó lè san án, ó sì ń san èlé lórí èyí tí ó yá. Kọfí tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn ẹrú gbìn ni wọ́n fi ń san án lọ. Gbèsè tí ó ti ibẹ̀ wá kò parí títí di 1947, nígbà tí ó di ọdún 144 tí Amiot ti bá òkú Toussaint lórí àga.