Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé: Ẹni Tí A Kò Rí ní Ìpàdé

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ń bẹ ní Kaduna, ní oṣù yìí, ẹjọ́ ni mo ní láti rò fún yín, èmi gan-an ni mo sì jẹ̀bi.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ẹnì kan pàdé mi lọ́jà, ó bi mí bóyá ara bàbá télọ̀ wa ti Kakuri ti ń yá. Mo ní, "Kí ló ṣe bàbá?" Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ pé bàbá ṣubú, egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, ó sì ti wà lórí ibùsùn láti oṣù mẹ́rin. Obìnrin aládùúgbò rẹ̀ kan, tí kì í ṣe Yorùbá rárá, ló ń gbé oúnjẹ fún un. Nígbà tí èmi àti akápò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bàbá kò bá wa jà. Ó na ọwọ́ sí abẹ́ ìrọ̀rí, ó mú káàdì ẹgbẹ́ jáde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣírò iye tí mo jẹ." N kò lè wo ojú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ọjọ́ náà ni mo fi gègé fa ìlà sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, nítorí òfin wa sọ pé ẹni tí a kò bá rí fún oṣù mẹ́ta kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ mọ́. Mo pa òfin mọ́, ṣùgbọ́n n kò béèrè ènìyàn.

Àwọn kan ń sọ pé àwọn ènìyàn ti kórìíra ẹgbẹ́ ni wọn kò fi wá mọ́. N kò gbà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní Kakuri ní 1957, ẹnu géètì ni àwọn bàbá wa ti ń rí ara wọn láràárọ̀. Bí ẹnì kan kò bá wá lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkejì rẹ̀ ti mọ ohun tó ṣe é. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé ní 2002. Ìjà ọdún 2000 sì ti pín ìlú sí méjì, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí ìhà àríwá odò, tí ọ̀pọ̀ Kìrìsítẹ́ẹ́nì kó lọ sí ìhà gúúsù. Àwa Yorùbá sì ńkọ́, tí ẹ̀gbọ́n ń kírun tí àbúrò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ̀gbọ́n wà ní Tudun Wada, àbúrò wà ní Sabon Tasha. Ìpàdé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo la sì ń pè wọ́n sí, pé kí wọ́n wọkọ̀ kọjá afárá, kí wọ́n sì tún padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun kan wà tí àwọn ará wa tí ń ṣe Mẹ́tọ́díìsì mọ̀ dáadáa. Ní 1742, ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbèsè ilé ìjọsìn wà lọ́rùn John Wesley àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọ́n ní kí olúkúlùkù máa san pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní kọ́bọ̀. Wọ́n ní àwọn tálákà kò lè san án. Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé kí wọ́n fi mọ́kànlá lára àwọn tálákà náà sábẹ́ òun, òun yóò máa dé ilé wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹnì kan kò bá sì ní, òun yóò san tirẹ̀. Owó ni wọ́n bá lọ o, ṣùgbọ́n ní ilé ni wọ́n ti rí tọkọtaya tí ń jà àti ẹni tí ọtí ti pa. Báyìí ni kíláàsì ṣe bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni mo mú wá. Àwọn Mùsùlùmí wa náà ní àsàlátù àdúgbò tiwọn, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe tètè ń gbọ́ bí ẹnì kan bá ń ṣòjòjò.

Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ ṣe fẹ́ kí a máa ṣe ìpàdé àdúgbò, ilé mẹ́wàá sí méjìlá lábẹ́ ẹnì kan tí yóò máa yà kí wọn. Àwọn ìyá wa ní Kawo kò tilẹ̀ dúró dè wá. Ẹ̀súsú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí í pa ọjọ́ ẹ̀súsú jẹ. Alàgbà kan bínú sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ní a óò sọ ẹgbẹ́ kan di méjì, ti Mùsùlùmí níhìn-ín, ti Kìrìsítẹ́ẹ́nì lọ́hùn-ún. Ẹ̀rù tó ń ba bàbá yìí ń ba èmi náà. Ìdí nìyẹn tí ìpàdé gbogbogbò yóò fi máa wáyé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan ní ìhà ìhín odò, lẹ́ẹ̀kan ní ìhà ọ̀hún, tí àpò owó yóò sì jẹ́ ọ̀kan. Òfin oṣù mẹ́ta yẹn ńkọ́? Mo ti bẹ alága pé kí a mú un wá síwájú ilé. Èrò tèmi ni pé kí a má ṣe yọ orúkọ ẹnikẹ́ni kí ẹnì kan tó dé ilé rẹ̀.

Bàbá télọ̀ ti ń fi ọ̀pá rìn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo ti tún orúkọ rẹ̀ kọ, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì ni àwọn ará Kakuri yóò ti kọ́kọ́ pàdé. Tudun Wada ti ní ẹni tí yóò máa mú ìwé lọ́wọ́, Sabon Tasha náà ti ní. Ẹ̀yin ará Barnawa, ẹ dákẹ́ jù. Ẹni tó bá lè ṣe é nínú yín, kó jọ̀ọ́ kó rí mi kí oṣù yìí tó parí.