A Kì Í Gbẹ́ Ṣáláńgá Sójú Omi
Ní Ganvié, lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, omi tí wọ́n ti ń pẹja náà ni ìgbẹ́ ń bọ́ sí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń ya ìtọ̀ kúrò lára ìgbẹ́ bá ilé orí omi àti ọkọ̀ kékeré mu: ìtọ̀ á lọ sínú kẹ́ẹ̀gì, a ó sì fi lẹ́búlẹ́bú pákó bo ìgbẹ́. Bí méjèèjì bá pò mọ́ra ni òórùn ń le. Ṣùgbọ́n korobá á kún. Ta ni yóò wà á lọ sórí ilẹ̀, tí yóò tọ́jú rẹ̀ fún ọdún kan, ó kéré tán, kó tó di ajílẹ̀? Ìjọba tó bá fẹ́ ra ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ fún wọn, kó kọ́kọ́ wá owó oṣù agbépóò. Láìsí i, inú adágún náà ni korobá yóò padà sí.