Àárẹ̀ Lẹ́yìn Àrùn Jẹjẹrẹ Kì í Ṣe Ìwà Ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó gbọ̀ngàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó jẹ gbèsè mọ ara wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó ti gba ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ parí ni, àwọn tí dókítà ti ní kí wọ́n máa lọ sí ilé, ṣùgbọ́n tí okun inú wọn kò tíì padà.

Nígbà tí àìsàn náà gbóná, ẹgbẹ́ kò fi wọ́n sílẹ̀. A dá owó, a gba àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, a wọ bọ́ọ̀sì lọ kí wọn. Nígbà tí irun orí hù padà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì kún, olúkúlùkù ní ó ti tán. Oṣù mẹ́fà kọjá, a kò rí wọn ní ìsọ̀, a kò rí wọn ní ìpàdé. Ìgbà náà ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan ní ọ̀lẹ ni. Ẹlòmíràn ní ọkọ rẹ̀ ni ó kẹ́ ẹ bàjẹ́. Ẹnì kẹta rọra sọ pé bóyá àrùn náà ti tún dé. Akọ̀wé a sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé owó ìtanràn. Èyí kò tọ́, a sì fẹ́ kí ó dópin.

Àárẹ̀ tí ń tẹ̀lé jẹjẹrẹ àti ìtọ́jú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ń mú alábàárù tí ó ti ru ẹrù láti àárọ̀. Alábàárù sùn, ilẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ dá. Ẹni tí a ń wí yìí lè sùn mọ́jú kí ó sì jí pẹ̀lú ara tí ó wúwo bí òjé. Ó lè fọ aṣọ méjì péré kí ó máa wá ibi tí yóò jókòó sí. Báyìí ni yóò ṣe rí fún oṣù púpọ̀, àní fún ọdún pàápàá lára ẹlòmíràn. Oògùn líle tí a ń fà sí iṣan ń fà á, ìtọ́jú onítànṣán ń fà á; ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, ìrora, àìróorun sùn àti ìbànújẹ́ ọkàn a sì máa dá kún un. Nítorí náà ilé ìwòsàn ni a ó kọ́kọ́ gbà lọ, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n sì mọ̀ bóyá ohun kan wà tí oògùn lè tún ṣe.

Bí wọ́n bá yẹ gbogbo ìyẹn wò tán ńkọ́? Àṣà wa ni kí a ní: “Ẹ dùbúlẹ̀, Mààmá, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan, ọmọ yóò pọn omi.” Ìfẹ́ ni, a kò bú ẹnikẹ́ni. Àwọn dókítà pàápàá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ní 1966, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ kan ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún tí ara wọn le dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Agbára wọn lọ sílẹ̀ gidigidi. Nígbà tí wọ́n tún yẹ àwọn márààrún wò ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ibùsùn mú kúrò lára wọn pọ̀ ju ohun tí ọgbọ̀n ọdún mú kúrò lọ. Bí ibùsùn bá ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin báyìí, kí ni yóò ṣe ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oògùn líle tán? Iṣan tí a kò lò a máa joro. Bí ó bá joro, iṣẹ́ kékeré a di ńlá, aláàárẹ̀ a sì tún padà sórí ibùsùn.

Ní Ohio, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Maryl Winningham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn obìnrin tí ń gba oògùn jẹjẹrẹ ọmú máa wa kẹ̀kẹ́ tí ń dúró lójú kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1989 fi hàn pé agbára àwọn obìnrin náà pọ̀ sí i. Ní 2012, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 56 jọ, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ jẹ́ 4,068, wọ́n sì rí i pé irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀, bí ìrìn tàbí kẹ̀kẹ́ wíwà, ń dín àárẹ̀ náà kù. Ìmọ̀ràn tí ó jáde ní 2019 láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Kì í ṣe eré sísá o. Ìrìn tí ń múni mí sókè díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tí ènìyàn ṣì lè bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa, tí ń ta aṣọ ní Sábọ́n Gárì ní Kánò, lọ gba ìtọ́jú ní Benin, ní ilé ìwòsàn yunifásítì tí a ṣí ní 1973, èyí tí a ń pè ní UBTH, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Iyaro. Ẹni tí ó bá mọ Iyaro mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí aláìsàn ti ń rìn gbẹ̀fẹ́. Gáréèjì ni; bọ́ọ̀sì Èkó ń pe èrò, bọ́ọ̀sì Auchi ń pe èrò, èéfín bo gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé géètì ni ìyá náà ń rìn, ìṣẹ́jú márùn-ún, kí òòrùn tó mú, tí ọmọọmọ rẹ̀ gbé àpótí ìjókòó tẹ̀ lé e. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ọjọ́ tí ó bá rìn jù, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kì í bá a ní ìdúró. A sì dín ìrìn náà kù, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹta, ó ń rìn dé New Lagos Road ní ìdájí, kí èrò tó pọ̀. Ó ṣì ń rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti padà sí Kánò, ó sì ń ṣí ìsọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ọmú fún a máa bẹ̀rù pé bí àwọn bá gbé nǹkan, apá yóò wú. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2009 mú obìnrin 141 tí apá wọn ti wú tẹ́lẹ̀. Àwọn tí a kọ́ láti máa gbé irin díẹ̀díẹ̀ kò wú ju àwọn tí kò gbé nǹkan lọ. Ìyẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ru àpò ìrẹsì lọ́la. Ẹni tí ibà ń ṣe, tí àyà ń dùn, tí òòyì ń kọ́, tàbí tí dókítà sọ pé àrùn ti kan eegun rẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Ní Òkè Ọya níbí, oòrùn oṣù kẹta àti ìkẹrin kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni, eruku ọyẹ́ náà kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́ tí ojú ọ̀nà sì ti rí, ni kí a máa rìn, kí ó má sì ṣe ènìyàn kan ṣoṣo. Àwọn onífísíò wà ní ilé ìwòsàn ńlá ní Shika lẹ́bàá Zaria, ní Kánò àti ní Jọ́ọ̀sì. Ẹ béèrè wọn. Àwọn ènìyàn wa rò pé ẹni tí eegun rẹ̀ dá nìkan ni ó ní iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kò gba owó púpọ̀. Kí a yọ orúkọ irú ọmọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìwé owó ìtanràn fún ọdún kan ó kéré tán, kí a sì fún un ní àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ó bá wá, kí ó lè dìde lọ nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wò ó. Kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá àti ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ yan ẹni méjì tí yóò máa bá a rìn ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀; ó sàn ju kí ènìyàn ogún gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá kí i lọ́jọ́ Àìkú kan, kí wọ́n má sì tún yọjú mọ́. Àwọn kan yóò ní èyí yóò ba òfin ẹgbẹ́ jẹ́. A ti gbọ́. Òfin kan náà ni ó yọ obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sílẹ̀, kò sì tíì bàjẹ́.

Kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí ó sì kọ̀wé sí wa nípa ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ìbáà ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ìbáà ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́.