Ẹ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ wa ní Faransé

Ẹ mú ọmọ JSS3 kan tó ti kọ́ èdè Faransé fún ọdún mẹ́ta l'Ékòó tàbí l'Ógùn, kí ẹ ní kó sọ gbólóhùn márùn-ún fún yín. "Bonjour" á kọ́kọ́ jáde, "Comment ça va" á tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ẹ̀rín. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya dìndìnrìn o. Tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó, ọmọ dà á kọ sínú ìwé, ó há a sórí, ó fi yege ìdánwò, ó parí. Tó bá dé SS1 tí wọ́n ní kó mú èyí tó wù ú, Faransé lọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ jù nù.

Bẹ́ẹ̀ lórí ìwé, ìjọba ti ṣe tiẹ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún 1996, Ọ̀gágun Sani Abacha kéde pé Nàìjíríà máa di orílẹ̀-èdè tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tó jáde lọ́dún 1998 wá sọ Faransé di èdè ìjọba kejì, ó ní dandan ni kí wọ́n máa kọ́ ọ níléèwé. Òfin ni mo kà ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ìlànà kì í ṣe òfin. "Dandan" tí kò ní tíṣà, tí kò ní owó, ariwo lásán ni.

Ta ló wá kàn? Ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń wáṣẹ́. Bẹ̀nẹ̀, Nìjẹ̀, Ṣáàdì àti Kamẹrúùnù ló pààlà pẹ̀lú wa, kò sì sí èyí tí wọn ò ti ń fi Faransé ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú OHADA, àdéhùn ọdún 1993 tó sọ òfin okòwò wọn di ọ̀kan. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà níbẹ̀, Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Tí ìtumọ̀ òfin náà bá sì ta kora, ti Faransé ló lékè. Mo ti jókòó síwájú ìwé àdéhùn tí oníbàárà kan gbé ti Kútọnu dé, tí gbogbo àwa tá a kà nípa òfin nínú yàrá náà ń wo ara wa bí ẹni ń wo fíìmù Ṣáínà tí kò ní ìtumọ̀ nísàlẹ̀. Ọmọkùnrin Àjàṣẹ́ kan tó ń ta fóònù nísàlẹ̀ ilé ló wá túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Yorùbá ló fi túmọ̀ rẹ̀.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn. Inú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbà kọ́ àwọn ọmọ wa ní Faransé, ọ̀nà jíjìn sì ni. Ẹ wo "tu" àti "vous". "You" nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì ní, ni tíṣà á bá máa ṣàlàyé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ Yorùbá ti mọ̀ ọ́n láti ilé: "o" rèé, "ẹ" rèé. (Ohun tó máa yà á lẹ́nu ni pé ọmọ Faransé ń sọ "tu" fún bàbá ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa gbá a létí.) Ẹ tún wo ìró. "Thé" àti "père": "e" inú "ilé" àti "ẹ" inú "ẹsẹ̀" ni. "Bon" jọ ìparí "ìbọn", "pain" jọ ìparí "ìyẹn". Àwọn fáwẹ̀lì aránmúpè tó ń dààmú ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti wà lẹ́nu wa.

Mi ò ní gbogbo ẹ̀ ló rọrùn. "U" inú "tu" yẹn, ètè wa ò mọ̀ ọ́n. Pé tábìlì jẹ́ obìnrin, tí ìwé wá jẹ́ ọkùnrin, àwa tí "ó" kan ṣoṣo ń tó fún lọ́kùnrin lóbìnrin máa jà sí i dáadáa.

Àwọn tó lè kọ́ wọn ò jìnnà. Àwọn Yorùbá Kétu, Pọ́bẹ̀, Ṣakété àti Àjàṣẹ́, Faransé ni wọ́n fi kàwé láti kékeré, Yorùbá wọn sì dáa ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn ní Lẹ́kí lọ. Lábẹ́ àdéhùn tí ECOWAS ṣe lọ́dún 1986, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé níbí kó sì wáṣẹ́. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n yọ sílẹ̀ fún òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Iléèwé aládàáni ò ní àwáwí nìyẹn. Ní ti ìjọba, kí Èkó àti Ògùn wá ọ̀nà tí òfin á fi gbà wọ́n láyè síṣẹ́ onígbà díẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ nìkan, láìsí pátákó. Kí tíṣà tiwa máa bá gírámà lọ. Láti 1991 làwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń lọ gbé Abúlé Èdè Faransé ní Àjàrá, l'Ágbádárìgì, torí kí èdè náà lè yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Kí ló dé tó jẹ́ pé ó dìgbà tí ọmọ bá di ogún ọdún?

Ẹnìkan á ní Èkó kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, pé ọmọ Ìgbò àti Haúsá wà nínú kíláàsì. Òótọ́ ni, àmọ́ ọmọ Ìgbò tó dàgbà sí Múṣin gbọ́ Yorùbá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn tẹ̀rù wọn ń bà mí ni ọmọ Yorùbá tí wọn ò gbà kó sọ Yorùbá. Iléèwé kan wà ládùúgbò mi tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ ọ́ nínú ọgbà wọn. Owó Faransé sì wà lọ́tọ̀ nínú owó iléèwé wọn, àwọn òbí sì ń san méjèèjì.