Ẹlẹ́sìn àti Àpótí Ìbò
Ẹ̀yin ará wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ta ni ó yẹ kí ẹlẹ́sìn dìbò fún? Ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù 1993, Mùsùlùmí ni Abíọ́lá, Mùsùlùmí ni Kingibe igbákejì rẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ Kristẹni dìbò fún wọn. Ní 2022, nígbà tí Tinubu mú Shettima, àríyànjiyàn náà tún dìde.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rí-ọkàn sílẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n kí a tó bi olùdíje níbi tí ó ti ń gbàdúrà, ẹ jẹ́ kí a bi í bí ó ti ṣe ná owó ìlú. Bí ọmọ ẹgbẹ́ wa bá kùnà níbẹ̀, ẹ má ṣe dìbò fún un. Ẹni tí ó sì gba owó kí ó tó tẹ̀ka, òfin ìdìbò kà á sí ọ̀daràn. Níwájú Ọlọ́run ńkọ́?