Ikùn ọmọ tó le, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ ọmọ jòjòló la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá dúró sí títì Ọba Akran n'Íkẹjà láàárọ̀ kùtù, ẹ ó rí àwọn ìyá ọlọ́mọ tó ń sáré wọṣẹ́ kí wọ́n tó ti géètì. Láti Agége àti Ọ̀gbà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n sì fi ọmọ sí. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa délé lálẹ́, ọmọ ti sùn. Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ ló máa kọ́kọ́ rí i pé ikùn ẹ̀ le, ó sì ń yọ síta.

Ẹ mọ ohun tá a máa ń sọ. "Jẹ̀díjẹ̀dí ni." "Aràn ni." "Ó yó ni jàre, ẹ ò rí i bó ṣe sanra!" Alágbo á bu tiẹ̀ sínú ọ̀rá, ìyá àgbà á fi òrí ra ikùn náà, á máa tẹ̀ ẹ́.

Àìsàn kan wà tó ṣọ̀wọ́n gan-an, teratoma inú àpòlúkù ni wọ́n ń pè é, ìyẹn inú àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí. Kókó ni, àtinú oyún ló sì ti ń bọ̀. Tí dókítà bá là á, ó lè bá irun, eegun, ọ̀rá, nígbà mìíràn eyín pàápàá nínú ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní wọ́n fi nǹkan ṣe ọmọ náà ni, wọ́n á wá máa wo orogún tàbí ìyá ọkọ láwòsùn. Kò sọ́wọ́ ẹnì kankan níbẹ̀ o! Láti 1922 ni àwọn dókítà ti ń kọ nípa ẹ̀. Nínú 100 teratoma, tinú àpòlúkù kì í pé 1. Ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún kan ló sábà máa ń mú. Ikùn á wú, ọmọ á máa bì, ẹ̀jẹ̀ lè bá èébì jáde, ìgbẹ́ sì lè dúdú.

Ṣé jẹjẹrẹ ni? Èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe jẹjẹrẹ. Tí wọ́n bá ti gé e kúrò pátápátá, ó tán. Àmọ́ ti àwọn ọmọ kan wà tí ohun tó wà nínú ẹ̀ kò tíì gbó, irú ìyẹn lè padà wá, ó sì lè di jẹjẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n, scan nìkan kò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n á tó yẹ kókó náà wò finnífinní ní yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n tún máa ń wo ohun kan tó ń jẹ́ AFP nínú ẹ̀jẹ̀. Tọmọ tuntun máa ń ga tẹ́lẹ̀, kó tó máa lọ sílẹ̀ bó ṣe ń dàgbà, nítorí náà ẹ má torí ẹ̀ sunkún. Tó bá wálẹ̀ tán tó tún gòkè, ìyẹn ni dókítà ń bẹ̀rù.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ọmọ ti sàn, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, owó ọjọ́ kan á sì lọ bí ìyá ẹ̀ bá pa iṣẹ́ jẹ. Ni wọn ò bá padà lọ fún àyẹ̀wò mọ́. Ọdún kan ò pọ̀jù láti fi ṣọ́ ọmọ, bí dókítà bá ní ó tún kù, ẹ lọ.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yéé tẹ ikùn náà. Kókó inú kíndìnrín tí wọ́n ń pè ní Wilms wọ́pọ̀ ju teratoma yìí lọ, jẹjẹrẹ sì lòun. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ó lè bẹ́ sínú ikùn.

LASUTH wà n'Íkẹjà, ọsibítù jẹ́nẹ́rà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sọ di ti yunifásítì ní 2001, kò jìnnà sí Agége. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìyá àgbà dání. Òun ló mọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí i.