Ta Ni Wọ́n Fi Orúkọ Rẹ̀ Sọ Òpópónà Yín?

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá jókòó tì yín nínú mọ́tò, tí ẹ ń ti Ìddó gun Carter Bridge lọ sí Ìdúmọ̀tà, tí ó wá bèèrè pé ta ni Carter, kí ni ẹ ó sọ fún un?

Gómìnà òyìnbó ní Èkó ni Gilbert Carter. Lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ ni ọmọ ogun fi lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892, nítorí pé wọn kò ṣí ọ̀nà òwò sílẹ̀. Afárá àkọ́kọ́ ti 1901 ti lọ, wọ́n ti kọ́ òmíràn, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ń lọ sọ́jà ń gba orí rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ìyá Ẹfúnróyè Tinúbú, tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò ní Èkó ní 1856, ló ni Ìta Tinúbú. Akọni ni. Ó sì ta ẹrú pẹ̀lú. Ẹ sọ méjèèjì fún ọmọ.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni ti Kudirat Abíọ́lá. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1996 ni wọ́n yìnbọn pa á ní Èkó, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé nítorí ìbò June 12, 1993. Ní 1998, ìlú New York fi orúkọ rẹ̀ sọ ìkòríta kan nítòsí ọ́fíìsì ìjọba Nàìjíríà níbẹ̀. Inú bí ìjọba Abacha, wọ́n sì yí orúkọ Eleke Crescent, níbi tí ọ́fíìsì Amẹ́ríkà wà ní Victoria Island, sí Louis Farrakhan. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Lónìí, Walter Carrington ni ó ń jẹ́, aṣojú Amẹ́ríkà tí kò bẹ̀rù àwọn ológun. Ọ̀nà Òrégùn náà ti di Kudirat Abíọ́lá Way.

Mo bi ọmọkùnrin kan tí ń ta omi inú ọ̀rá lójú ọ̀nà yẹn pé ta ni Kudirat. Ó ní, “Dádì, bóyá ìyàwó gómìnà kan ni.”

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi sísọ òpópónà lórúkọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ lọ bá káńsẹ́lọ̀ yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ ẹni tí ó jẹ́ àti ohun tí ó ṣe sára pátákó. Ìlà méjì péré ni lábẹ́ orúkọ, ọ̀dà kò tíì wọ́n tó bẹ́ẹ̀.